Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Lucius Toliver

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnu mi tó pa dé. Dókítà mi níbí ní Toledo sọ fún mi lọ́jọ́rú tó kọjá pé jẹjẹrẹ tó wà ní ẹ̀dọ̀ mi kò ní jẹ́ kí n rí ìbẹ̀rẹ̀ eré bọ́ọ̀lù ọdún yìí. Ikú kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni oríyìn tí wọn yóò kà lórí pósí mi. Mo ti mọ̀ ọ́n, mo ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì: "Lyle Overstreet, ojú tí kì í tàsé." Wọ́n pàtẹ́wọ́, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo gba àwo fàdákà tí wọ́n kọ ọ́ sí. Àwo náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n mi títí di òní. Lóòótọ́, ojú mi kì í tàsé. Ẹnu mi ló ṣìkà, ọwọ́ mi sì bá a lọ́wọ́ sí i.

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi ń wá ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Bọ́ọ̀lù tiwa ni mò ń wí, èyí tí à ń fi ọwọ́ jù, tí àwọn ọkùnrin fi ń forí gbárí. Lọ́dọọdún, ní oṣù kẹrin, àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa ń jókòó láti pín àwọn ọmọ tó ń jáde ní yunifásítì láàárín ara wọn. Ìpele méje ni, ní ìpele kọ̀ọ̀kan ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń mú ọmọ kan. Tí ẹgbẹ́ kan bá mú, òmíràn á mú. Ẹni tí gbogbo wa ń wá jù ni kọ́tábáàkì, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, tó ń sọ fún àwọn mẹ́wàá yòókù ibi tí wọn yóò gbà. Kí a tó mú un, a ó wọn gíga rẹ̀ láìwọ bàtà, a ó na ọwọ́ rẹ̀ sórí rúlà láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín, a ó fi aago wo bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yára kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. A ó tilẹ̀ bi obìnrin tó ń dáná nílé-ìwé wọn bóyá ọmọ náà máa ń kí i. Ṣùgbọ́n kò sí rúlà tí a fi ń wọn ọpọlọ. Lórí ìyẹn, ohun tí ẹni tó lọ wò ó bá wí ni àwọn yòókù ń gbà. Níbẹ̀ ni mo ti rí àyè.

Ìgbà ìkórè ọdún 1993 ni mo kọ́kọ́ rí Lucius Toliver, ní yunifásítì kékeré kan tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń lọ ní Mississippi. Òjò ń rọ̀, bọ́ọ̀lù ń yọ̀ lọ́wọ́ gbogbo wọn, tirẹ̀ nìkan ló ń lọ tààrà. Lọ́jọ́ kejì mo mú un wọ kíláàsì kan, mo ya ètò eré méjìlá sójú pátákó, ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sáré gbà àti ibi tí bọ́ọ̀lù yóò lọ, mo ní kó wò wọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo nù wọ́n kúrò, mo mú un lọ jẹun, mo ń bi í nípa ìyá rẹ̀, nípa ìjọ wọn, nípa ẹja pípa, kí nǹkan lè dàrú mọ́ ọn lójú. Ọgbọ́n wa nìyẹn. Nígbà tí a padà dé, mo fi ṣọ́ọ̀kì lé e lọ́wọ́. Ó ya méjèèjìlá láìṣe àṣìṣe kan. Ó wá dúró níwájú èyí keje, ó ń fọwọ́ pa àgbọ̀n. "Mista Lyle, ẹ má bínú o. Èyí tí ẹ yà yìí, tí ẹnì kan bá yọ láti apá òsì, wọ́n á pa mí síbẹ̀ ni. Tí a bá sún ọkùnrin yìí síbí ńkọ́?" Mo wò ó. Òótọ́ ni. Ọdún mẹ́fà ni kóòṣì wa ti ń lo ètò yẹn, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó rí i. Mo ní, "Ta ló kọ́ ẹ?" Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì mi ni. Tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí mi ò lè sọ ìwàásù padà, kò sóúnjẹ." Mo jókòó sínú mọ́tò mi, mo kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ: "Ó rántí méjìlá. Ó tún ìkeje ṣe. N kò tíì rí ọpọlọ tó dà bí èyí."

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ sílé wọn ní Harlow Bend. Ìyá rẹ̀, Mísì Odessa, tó ń ṣiṣẹ́ ìfọṣọ ní ilé ìwòsàn, gbé ẹja àrọ̀ díndín, ẹ̀fọ́ àti búrẹ́dì àgbàdo ka iwájú mi. "Ẹ jẹun dáadáa, Mista Overstreet. Ẹ ti gbẹ jù, àfi bíi pé wọn kì í dáná lọ́dọ̀ yín." Lucius pariwo, "Mọ́mì!" Ó ní, "Kí ni mo wí? Ṣé kò gbẹ ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fi síbí rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi ò mọ bọ́ọ̀lù o. Mo kàn mọ̀ pé tí ẹ bá débẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa sọ irú ẹni tọ́mọ mi jẹ́, àwa ò sì ní sí níbẹ̀. Ṣé òótọ́ lẹ máa sọ?" Ẹja wà lẹ́nu mi. Mo ní, "Mà, òótọ́ sísọ niṣẹ́ mi." Ó bá tún bu ẹja sí i fún mi.

Ọ̀gá wa, Dutch Kowalik, ka ìwé tí mo kọ nípa Lucius, ó gbá tábìlì. "Lyle, a máa mú ọmọ yìí." Ṣùgbọ́n ó fẹ́ fi ìpele kìíní àti ìkejì mú àwọn ẹlòmíràn, ó ní ìpele kẹta la ó mú Lucius, bí kò bá sí ẹni tó ṣíwájú wa. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì ti ń lọ sí Mississippi. Nígbà tó di oṣù kejì, gbogbo wa péjọ sí Indianapolis níbi tí wọ́n ti ń wọn àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí àṣà wa fún yín: láti oṣù kejì títí di ọjọ́ pípín, kò sí òótọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹni tí o bá fẹ́, wàá bà á jẹ́ kí ẹlòmíràn má baà mú un ṣáájú rẹ. Ẹni tí o kò fẹ́, wàá yìn ín kí ẹlòmíràn lè rù ú. Gbogbo wa mọ̀, gbogbo wa ń ṣe é, a sì ń pè é lọ́gbọ́n. Mo jókòó jẹ ẹran màlúù sísun pẹ̀lú Gene Fasano, tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi fún ẹgbẹ́ mìíràn. Ó ní, "Toliver yẹn ńkọ́? Wọ́n ní o pẹ́ níbẹ̀ o, àgbàyà." Mo mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe. "Apá wà o, Gene. Ọpọlọ ni ò sí. Ìwé ètò eré, ńṣe ni wọ́n máa ń kà á fún un bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi."

Kí ló dé tó fi jẹ́ irọ́ yẹn ni mo mú? Mo lè sọ pé èjìká ń dùn ún. Mo lè sọ pé ó ń mutí. Ṣùgbọ́n dókítà á yẹ èjìká wò, ará ìjọ á jẹ́rìí lórí ọtí. Aláwọ̀ dúdú ni Lucius, aláwọ̀ funfun sì ni gbogbo àwa tí a jókòó sílé oúnjẹ yẹn, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń sọ láàárín ara wa pé eré sísá ni tiwọn, pé wọn kò ní ọpọlọ kọ́tábáàkì. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi fúnra mi dúró níwájú pátákó yẹn. Mo sì mọ̀ pé wọn kò ní jẹ ẹ́ lẹ́nu kí wọ́n tó gbé e mì. Gene ti ń mi orí kí n tó sọ̀rọ̀ tán. "Mo ti fura bẹ́ẹ̀," ló wí. Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà fi dé inú ìwé ìròyìn, wọ́n ní àgbà ọ̀jẹ̀ kan tí kò fẹ́ ká dárúkọ òun ló sọ ọ́. Lucius pè mí. "Mista Lyle, wọ́n ní mi ò lè kàwé. Èmi! Ẹgbẹ́ márùn-ún ti ní àwọn ò wá mọ́. Ta ló ń sọ ọ́, sà?" Mo ní, "Aráyé ni." "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ti pátákó fún wọn. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀." "Má dá wọn lóhùn. Jẹ́ kí wọ́n rí apá ẹ." Ó ní, "Apá mi kọ́ ni wọ́n ń bú, sà." Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo ń tan ara mi pé kò burú, ọ̀dọ̀ wa ni yóò já sí, èmi ni màá dé e ní fìlà ẹgbẹ́ wa, gbogbo rẹ̀ á sì di ẹ̀rín.

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ọjọ́ pípín dé. Àwa méjìlá la jókòó sínú yàrá, orúkọ àwọn ọmọ wà lára káàdì tí a lẹ̀ mọ́ pátákó ńlá. Ìpele kẹta kàn wá, káàdì Lucius ló sì wà lókè. Ẹ̀rín ti ń pa mí. Dutch dìde, ó já káàdì náà kúrò. "Kì í ṣe eléyìí." Mo ní, "Kí ló dé, ọ̀gá?" "Wọ́n ní olódo ni. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló sọ fún mi. Gene Fasano fúnra ẹ̀ bura, ó ní ẹnu ẹni tó débẹ̀ lòun ti gbọ́ ọ." Gene kò dárúkọ mi, nítorí a kì í dárúkọ ẹni tó sọ fún wa, àṣà wa náà nìyẹn. Dutch yíjú sí mi. "Ìwé tìẹ sọ nǹkan mìíràn. Ìwọ lo lọ wò ó. Ṣé ọmọ yẹn lọ́pọlọ àbí kò ní?" Gbogbo wọn ń wò mí. Ìṣẹ́jú márùn-ún la ní kí a tó dárúkọ ẹni tí a mú. Gbólóhùn kan péré ni: irọ́ ni, èmi ni mo pa á, ẹ mú un. Ó ti dé orí ahọ́n mi. Mo wo ojú wọn, mo rí ẹ̀sín tí wọn yóò fi mí ṣe títí láé, mo sì rántí pé Dutch kì í fẹ́ rí ẹni tó bá sọ ọ́ di òmùgọ̀ sójú mọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, ó lè jẹ́ pé èmi ni mo ṣìnà. Èmi náà ti gbọ́ ọ." Ó ju káàdì náà sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. "Lọ tún ìwé ẹ kọ, kó má baà dà bíi pé a ò mọ ohun tí à ń ṣe." Mo lọ sí yàrá kejì, mo fa èyí tí mo kọ tẹ́lẹ̀ ya, mo kọ òmíràn: "Ọpọlọ rẹ̀ lọ́ra. Kò lè di ètò eré mú." Mo fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo purọ́ fún Gene, mo rò pé eré ni. Nígbà tí mo kọ èyí, mo ti mọ ohun tí yóò ṣe fún un.

Ìpele méjèèje parí, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ rẹ̀. Mísì Odessa ti pe gbogbo ìjọ wá sílé láti wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó kọ lẹ́tà sí mi lẹ́yìn náà: "Ẹ ṣeun, Mista Overstreet. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin sọ òótọ́ fún wọn." Ẹgbẹ́ kan ránṣẹ́ pe Lucius pé kó wá máa sáré gba bọ́ọ̀lù, pé kì í ṣe kó máa jù ú. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àìsàn yìí kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí, mo wakọ̀ lọ sí Harlow Bend láti jẹ́wọ́. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni Lucius ń tún ṣe. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó dì mọ́ mi. "Mista Lyle! Ẹ ṣì gbẹ bákan náà! Mọ́mì ò sí mọ́ o, ẹ̀ bá tún jẹ ẹja." Ó ní ilé-ìwé girama ìlú wọn ti bẹ òun kí òun wá kọ́ àwọn kọ́tábáàkì wọn, òun sì kọ̀. "Ohun tórí mi ò gbà, ṣé kí n wá máa fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni? Lákọ̀ọ́kọ́, mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Àmọ́ ẹgbẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, sà! Ṣé gbogbo wọn ló máa ṣìnà?" Mo ní, "Ti pátákó yẹn ńkọ́?" Ó fọwọ́ gbá mi léjìká. "Mo ti rò ó. Aláàánú ni yín. Èyí tó rọrùn lẹ yà fún mi." Bí a ṣe jókòó ti kọfí nílé rẹ̀, tí a ń sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin rẹ̀, Renita, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wọlé pẹ̀lú èsì ìdánwò ìṣirò àti fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ó ti sunkún. Lucius wo èsì náà, ó fà á mọ́ra. "Má bínú, ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ mi lo ti mú un. Bí ọpọlọ tiwa ṣe rí nìyẹn. Wá nǹkan mìíràn ṣe." Ọmọ náà ká fọ́ọ̀mù sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò. Mo lanu láti sọ̀rọ̀. Mo ní kọfí wọn dùn. Mo wakọ̀ padà sílé.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń bá a. Tèmi ti lé ní ọgbọ̀n, nítorí pé lọ́wọ́ mi ni òótọ́ náà wà, mo sì jókòó lé e. Ọmọ àbúrò mi ti ṣe ẹ̀dà ìwé yìí: ọ̀kan fún ìwé ìròyìn Harlow Bend, ọ̀kan fún ẹgbẹ́ àwa tí a ti fẹ̀yìn tì, kí wọ́n kà á sókè, kí wọ́n sì wá gba àwo fàdákà wọn. Èyí tí mo fọwọ́ ara mi kọ ń lọ sọ́dọ̀ Lucius. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, irọ́ tí ẹ bá mọ̀ pé aráyé á gbà láìbéèrè, ẹ sá fún un. Àwọn ẹlẹ́ran ara ló ń gbé abẹ́ káàdì tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ pátákó yẹn. Ìyá kan bu ẹja sí i fún mi nítorí ó gbà mí gbọ́. N kò mọ ojú tí n ó fi wò ó níbi tí mò ń lọ.

Lucius, mo bẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n má tíì dárí jì mí. Ìwé àjákọ mi ọdún 1993 wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ṣí ojú ewé kẹrìnlélógún. Mi ò ya èyí tó rọrùn fún ọ. Èyí tó le jù tí a ní ni mo yà. Fi han Renita kí fọ́ọ̀mù yẹn tó gbó sí i lápò. Renita, ohun tí bàbá rẹ sọ fún ọ lọ́jọ́ náà, èmi ni mo fi sí i lẹ́nu. Òótọ́ ni pé ọpọlọ rẹ̀ lo jogún. Wo ohun tí mo kọ nípa rẹ̀ kí n tó rí ìdí láti purọ́: "Ó rántí méjìlá. Ó tún ìkeje ṣe."