Ohun Tí Mo Pa Rẹ́ Lórí Fóònù Ni Mo Lọ Bá Lọ́run

Ẹ̀yin ará mi nínú Kristi, ẹ kú ìjókòó. Fadá ti yọ̀ǹda fún mi kí n sọ̀rọ̀ kí a tó gba ìbùkún. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má gbé fóònù sókè láti ya mí. Ẹ fi etí gbọ́ ọ. Èmi Felisíà, ìyá Kilẹ́mẹ́ǹtì, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá, tí mò ń fi Bíbélì kíkà ránṣẹ́ sí yín lórí gúrúùpù ìjọ wa láràárọ̀, mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá.

Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni, wákàtí tí Olúwa wa kú. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, mo kúnlẹ̀ ti àga, mo bẹ̀rẹ̀ Rosárì. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò ti balẹ̀. Bí mo bá ka "Mo kí ọ Màríà" méjì, fóònù á dún, ọwọ́ mi á ti nà sí i kí n tó mọ̀. Nígbà tó yá, mo ki fóònù náà bọ abẹ́ aṣọ tí mo gé sílẹ̀. Ẹ̀wá kẹta Rosárì náà ni mo dé tí oorun fi gbé mi lọ, tòun ti orí tí mo gbé lé àga.

Mo rí obìnrin kan tó dúró tì mí. Ó wọ aṣọ funfun. Èmi tí mo jẹ́ aránṣọ wo aṣọ náà títí, n kò rí ojú abẹ́rẹ́ kankan lára rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí.

Ó ní, "Dìde. Wọ́n rán mi sí ọ."

"Ìyá, níbo là ń lọ?"

"Ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ lẹ́yìn tó bá ti kúrò lẹ́nu."

A ń rìn lórí ilẹ̀ kan tó gbóná, bẹ́ẹ̀ kò sí oòrùn lókè rẹ̀. Mo rí ọkùnrin sísanra kan tó kúnlẹ̀ sórí òkúta. Wọ́n na àpò ìrẹsì sí i. Bí ó bá ti ń gbà á ni ohùn kan á ní, "Kò tíì dáa. Tún un ṣe." Á tún dìde, á tún kúnlẹ̀. Awọ orúnkún rẹ̀ ti bó tán.

Mo béèrè ohun tó ṣe. Obìnrin náà ní, "Ó ń fún àwọn opó ní ìrẹsì, ó sì ń mú wọn kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, títí fọ́tò á fi wù ú. Ìtìjú wọn ló ń jẹ."

A kọjá lára àwọn tọkọtaya tí wọ́n kẹ́yìn síra, tí ìmọ́lẹ̀ kékeré kan ń jó wọn lójú. Àwọn ẹni wọn ń pè wọ́n lórúkọ. Wọ́n ya ẹnu láti jẹ́, ohùn ò jáde. "Ẹ̀gbẹ́ aya, ẹ̀gbẹ́ ọkọ ni wọ́n ń sùn sí," ó ní, "ẹlòmíràn tó wà nínú fóònù ni wọ́n ń dá lóhùn."

Bí a ti sọdá odò kan, atẹ́gùn tútù kọ lù mí. Ta ni mo rí? Màmá Lúsíà wa tó ti kú! Ẹ rántí rẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, tó fi ọdún púpọ̀ wà lórí ibùsùn, tó jẹ́ pé fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì ló ní. Ẹni tí kò bá wá sí Mísà lọ́jọ́ Àìkú, kí ọ̀sán tó pọ́n, Màmá á ti pè é: "Ọmọ mi, n kò gbúròó rẹ. Ṣé kò sí nǹkan?" Òun náà ló ń sáré bọ̀ wá pàdé mi yìí.

"Màmá, ẹ ti ń rìn!"

"Mo ń sáré pàápàá!" Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá ọwọ́ mi mú. "Felisíà, Katikíìsì wa ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ?"

Ó wo ojú mi pẹ́, ẹ̀rín rẹ̀ kúrò lójú, ó sì rọra jọ̀wọ́ ọwọ́ mi.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ẹ rántí fọ́tò Katikíìsì Dòmíníìkì, níbi tó ti gbá ọ̀dọ́bìnrin kan mú níbàdí lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì. Èmi ni mo gbé e sórí gúrúùpù, tí mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní òfin Ọlọ́run." Nígbà tí òótọ́ jáde pé ọmọ àbúrò rẹ̀ ni, pé àìsàn ló dá ọmọ náà wólẹ̀ bó ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níbẹ̀, tó fi gbá a mú, mo ní àwọn kan ló fi ránṣẹ́ sí mi, n kò mọ̀. Irọ́ ni. Mo mọ ọmọ náà. Ó ti bá Katikíìsì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi rí, èmi ni mo wọn ara rẹ̀ tí mo rán aṣọ fún un. Ṣùgbọ́n Katikíìsì ti tún ìwé kíkà mi ṣe níwájú gbogbo ìjọ, àwọn kan rẹ́rìn-ín, ó dùn mí wọra. Ìdí tí mo fi ṣe é nìyẹn. Lẹ́yìn náà mo pa fọ́tò náà rẹ́, mo ní ó ti parí.

Obìnrin náà ní, "Ó ku ibì kan."

Ó mú mi dé ibi tí èrò dúró sí ní ìlà, gbogbo wọn ya ẹnu, kò sì sí ẹni tó ní ohùn tirẹ̀ nínú wọn: ẹkún ẹni tí kálukú parọ́ mọ́ ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Àyè kan ṣófo. Mo fi ojú wọ̀n ọ́n, ó bá ara mi mu rẹ́gí, mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ mi ń lọ síbẹ̀, mo di aṣọ obìnrin náà mú, kò ṣeé dì mú, mo dé àyè náà, ẹnu mi là fúnra rẹ̀, ohùn Katikíìsì jáde níbẹ̀ pé, "Olúwa, kí ni mo ṣe?", ẹkún ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, ti ọmọ náà tẹ̀ lé e, ó gùn, ó ń gún mi lọ́fun, n kò lè pa ẹnu dé, n kò lè mí!

Ibi tí mo ti rí ohùn, n kò mọ̀. Mo kígbe pé, "Mo ti pa á rẹ́!"

"Lórí fóònù rẹ," ó ní. "Ta ló pa á rẹ́ lọ́kàn àwọn tó rí i?"

"Ìyá, ẹ ṣàánú mi!"

"O kò tíì kú. Padà."

Mo jí. Oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Fóònù ń dún lábẹ́ aṣọ, n kò wò ó. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi rìn dé ilé Katikíìsì. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, kò kí mi. Bàbá ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin.

"Bàbá, mo mọ ọmọ náà. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó fi ránṣẹ́."

Omi ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ìyá Kilẹ́mẹ́ǹtì, ọmọ náà kì í jáde síta mọ́. Ṣé ẹ gbọ́?"

Katikíìsì ní, "Ẹ dìde. Mo ti dárí jì yín kí ẹ tó dé, nítorí ọkàn tèmi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi nìkan ni ẹ bà jẹ́. Ẹ lọ sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tí ẹ sọ ti àkọ́kọ́ fún."

Òun ni mo wá sọ yìí. Mo ti kọ ọ́ sórí gúrúùpù láàárọ̀ yìí, mo sì ti jẹ́wọ́ fún Fadá.

Ohun kan ló kù. Àyè tèmi nìkan kọ́ ló ṣófo ní ìlà yẹn. Àwọn mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pọ̀, mo sì mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́. Ẹ má sọ pé ọwọ́ Felisíà ni ẹ ti rí i. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá gba ìbùkún tán, ìlú tí ọmọ náà wà ni mò ń lọ, láti bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn òbí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun náà fi ránṣẹ́, kó dìde nísinsìnyí, ká jọ lọ.