Àwòrán Ti Mọ́, Mo Ní Kò Tíì Mọ́

Bí òjò bá ti ṣú, mo máa ń yọ gbogbo wáyà kúrò lára ògiri, n óò wá dá jókòó sórí ẹní. Ìyá ọkọ mi a máa pè mí láti yàrá kejì pé kí n wá jókòó ti àwọn. N kì í lọ. Ojú wo ni n óò fi wò wọ́n? Inú rere ìyá yìí gan-an ló ń pa mí.

Àjáh là ń gbé, iná mànàmáná kò sì tíì pẹ́ ládùúgbò wa nígbà náà. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ ra tẹlifíṣọ̀n. Bí àwòrán bá ti dàrú, á bọ́ síta lọ yí irin gígùn tí a so áńtẹ́nà mọ́, èmi á dúró lójú fèrèsé máa dá a lóhùn. Eré wa nìyẹn. Èmi á ní apá rẹ̀ ni kò lágbára, òun á ní ojú mi ni kò ríran.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó ti ṣèlérí pé a jọ máa lọ sọ ọmọ àbúrò mi lórúkọ ní Awóyáyà. Mo múra tán, ó ní bọ́ọ̀lù wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo bọ́ aṣọ mi, mo dijú mọ́rí. Kò pẹ́, òjò ṣú, ààrá ń kù, àwòrán sì dàrú. Ìyá rẹ̀ ké láti ilé ìdáná pé kó má jáde. Ó ní, "Ó ṣì jìnnà, Màámi. Orí òkun ló wà."

Ó bọ́ síta, ó di irin mú. "Àṣàkẹ́, ṣé ó ti mọ́?"

Ó ti mọ́. Mo rí nọ́ńbà ẹ̀yìn agbábọ́ọ̀lù kedere.

"Kò tíì mọ́."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. "Báyìí ńkọ́?"

"Kò tíì mọ́ o, Bọ̀dá mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Obìnrin yìí, àbí o ṣì ń bínú ni?"

Ẹ̀rín ti ń gbọ̀n mí. Mo ní kí òjò nà án díẹ̀ sí i kí n tó dáhùn. Ìmọ́lẹ̀ kan ṣáà kún àgbàlá, ilé mì tìtì. Nígbà tí mo la ojú, irin ṣì wà lóòró. Ọkọ mi kò sí lóòró mọ́.

Ìyá gbọ́ ohùn mi nínú òjò, wọn kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Wọ́n ń sọ fún gbogbo àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ikú rẹ̀ pé, "Ìyàwó mi pè é wọlé títí, kò gbọ́." Nígbà tí àwọn ẹbí ní kí n kó ẹrù mi, ọ̀rọ̀ yìí náà ni Ìyá fi dá wọn dúró. Mo dákẹ́. Ọdún ń gorí ọdún, mo ṣì dákẹ́.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti gbúròó ààrá, bó ti wù kó jìnnà tó, ẹ fi irin sílẹ̀, ẹ wọlé. Ẹ ti yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n kí òjò tó dé. Bí ẹ bá ń bá ọkọ yín jà, ẹ pè é wọlé ná, kí ẹ tó jà.

Ìyá ti darúgbó. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún wọn, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n fi irọ́ yìí sùn? Òjò tún ti ṣú. Wọ́n ń pè mí láti yàrá kejì. Kí ni kí n dá wọn lóhùn?