Ọjọ́ Tí Ìyá Ọkọ Mi Gba Ṣíbí

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, tí mo lè ru iṣu láti oko dé Ìgànná láìsọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan… ẹ gbọ́, ìgbà yẹn kọ́ ni ìgbà yìí o.

Gbé fóònù yẹn sún mọ́ mi, Rúkà. Ṣé ó ti ń gbọ́ mi? Ó dáa.

Ìbéèrè tí o bi mí láàárọ̀ ni mo fẹ́ dáhùn, kí àwọn àbúrò rẹ náà lè gbọ́. Nígbà tí ọmọ rẹ ń yàgbẹ́ gbuuru lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí o pè mí láti Ṣakí, o ní ìyá kan ládùúgbò yín ní kó o má fún un lómi mọ́, pé omi ló ń jẹ́ kó máa ṣu. Mo pariwo mọ́ ọ. Mo ní fún un lómi, fún un lọ́mú, kó o sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. O ṣe é, ọmọ gbádùn, òun ló ń lé adìyẹ kiri níta yẹn. Àmọ́ o ní kí ló dé tí èmi tí kì í pariwo fi pariwo lọ́jọ́ náà. Ó dáa. Ẹ jókòó.

Oko ni à ń gbé nígbà náà, ẹ̀yìn Ìgànná. Tó o bá kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn tó o jẹun àárọ̀, oòrùn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtàrí kó o tó wọ ìlú. Ọ̀kadà? Níbo? Ẹsẹ̀ wa ni ọ̀kadà wa. Èmi, bàbá yín àgbà, àti ìyá tó bí bàbá yín àgbà, àwa la jọ ń gbé inú ilé alámọ̀ kan.

Ìyá Alágbo ni gbogbo oko ń pe ìyá ọkọ mi yìí. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í sọ̀rọ̀ sókè. Àmọ́ tó bá ti sọ ọ́, ó parí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òmùgọ̀ ni àwọn àgbà ayé ọjọ́un o. Ìyá Alágbo mọ ewé, ó mọ egbò, ó mọ èèpo igi. Tí ara bá ń gbóná fún mi, tó bá se àgbo fún mi, màá làágùn, màá sùn, màá jí, màá gbé ọkọ́. Àwọn ará oko mìíràn ń wá bá a, àwọn Fúlàní pàápàá ń gbé wàrà wá fún un láti fi dúpẹ́. Ta ni kì í rẹ̀? Gbogbo wa là ń fi ara tì í.

Àmọ́ ohun kan wà tí kò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lóko yẹn.

Obìnrin ni mo kọ́kọ́ bí. Àmọ̀kẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ràfíù tó bí yín lọ́mọ gan-an ò mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí. Ó ti ń rìn, ó ti ń fi ìdí jó tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi odò ti fà, ó ti di ẹrọ̀fọ̀, òun náà là ń mu. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu. Omi lásán ló ń ṣu. Ìyá Alágbo se èèpo igi, ó fún un ní ìwọ̀nba, ó wá ní, “Ẹ má fún un lómi o. Ohun tó bá wọlé ni yóò jáde.”

Ẹ ò rí i pé ó jọ òótọ́? Ohun tó bá wọlé ni yóò jáde. Ta ni yóò gbọ́ ọ tí kò ní gbà? Mo gbà. Ní ọjọ́ kẹta, Àmọ̀kẹ́ lọ…

Ó ti pẹ́. Ó ti pẹ́ gan-an.

Wọ́n ní kí n má sunkún púpọ̀, pé òmìíràn ń bọ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìyàwó ilé ni mí, kí ni mo fẹ́ wí? Àmọ́ láti ìgbà yẹn, tí mo bá ń kúnlẹ̀ kí Ìyá láàárọ̀, orúnkún nìkan ló ń kúnlẹ̀. Ọkàn mi máa ń dúró ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tí nǹkan bá dùn yín, ẹ ó sọ ọ́, ẹ ó tún gbé e sórí fóònù kí gbogbo ayé rí i. Àwa ń gbé e mì ni.

Nígbà tí mo wá lóyún Ràfíù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìgànná lọ́jọ́ ọjà. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ Ìsẹ́yìn. Á kó àwa aláboyún jọ sórí bẹ́ǹṣì, á máa sọ̀rọ̀ fún wa: ẹ máa fọwọ́, ẹ máa se omi odò kẹ́ ẹ tó mu ún. Àwọn kan á máa tòògbé. Èmi náà máa ń tòògbé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ọmọ tó bá ń ṣu, omi ara rẹ̀ ló ń tán lọ. Ẹ máa fún un lómi, kó má baà gbẹ.”

Oorun dá lójú mi. Mo fẹ́ bi í léèrè, mi ò lè bi í. Ẹ̀rù ìdáhùn rẹ̀ ló ń bà mí. Nítorí tó bá jẹ́ òótọ́ ni… ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Mo bí Ràfíù, ó dàgbà dé ìrákòrò. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, gbogbo èèyàn ti wọ oko, bàbá yín àgbà sì ti lọ sí Ṣakí lọ wá ẹ̀bù iṣu. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Ràfíù bẹ̀rẹ̀. Ó ṣu, mo nù ún. Kí n tó da omi nù, ó tún ti ṣu. Ìyá gbé ìkòkò kaná. Ó wò mí, ó ní, “Àbẹ̀ní, má fún un lómi o.”

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbọ́ràn. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo gbọ́ràn. Ẹ̀rù Ìyá ń bà mí ju bí mo ṣe gba Nọ́ọ̀sì gbọ́ lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ọmọ ti jìn wọnú. Àwùjẹ̀ rẹ̀ ti rì. Ó ń sunkún, omi ò jáde lójú. Mo fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, ó dúró bẹ́ẹ̀, kò tètè padà. Àmọ̀kẹ́ ni mo rí. Mo wò ó dáadáa, Àmọ̀kẹ́ ni mo ń rí. Mo pọ̀n ọ́n, mo gba ọ̀já mọ́ ọn.

Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà. “Níbo lò ń gbé ọmọ lọ?”

“Ìgànná ni, Ìyá. Ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì.”

“Bàbá rẹ̀ ò sí nílé.”

“Mo mọ̀, Ìyá.”

“Wàá gbé ọmọ tó ń ṣu gba inú oòrùn? O ò ní lọ. Sọ ọ́ kalẹ̀.”

Mo kúnlẹ̀ tòun tọmọ lẹ́yìn mi. Mo ní, “Ìyá, ẹ má bínú. Tí mo bá dé, ẹ bá mi wí bó ṣe wù yín. Àmọ́ mo máa lọ.”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé wọn, mi ò sọ “mo máa” níwájú rẹ̀ rí. Ó wò mí títí. Ó yí padà, ó wọ yàrá. Mo rò pé pàṣán ló lọ mú. Ó jáde, ó ti wé gèlè, ó mú ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, “Tí nǹkan bá máa ṣe é, ojú mi ni yóò ṣe. Máa lọ níwájú.”

Bí a ṣe rìn nìyẹn o. Èmi níwájú, òun lẹ́yìn. Ilẹ̀ pupa yẹn, òjò ti rọ̀ sí i, ó ń fa ẹsẹ̀ wa. Ràfíù ń ké lẹ́yìn mi. Nígbà tó ṣe, kò ké mọ́. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ọmọ tó ń ké ṣì ní agbára. Èyí tó bá dákẹ́, tí orí rẹ̀ ń yẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ sáré sí. Èmi sáré. Ìyá arúgbó yẹn sáré tẹ̀lé mi, ọ̀pá ń kan ilẹ̀ gbò, gbò, gbò.

Nọ́ọ̀sì ò bá mi wí. Ó wo ọmọ, ó fọwọ́, ó po omi kan sínú kọ́ọ̀bù, ó mú ṣíbí. Bó ṣe ní kó gbé e sí ọmọ lẹ́nu ni Ìyá Alágbo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Kí lẹ fẹ́ fún un?”

“Omi ni, Ìyá. Iyọ̀ àti ṣúgà wà níbẹ̀.”

“Ọmọ tó ń ṣu omi, lẹ tún ń bu omi fún? Ẹ fẹ́ pa á ni?”

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀. Ẹ gbọ́, ó kúnlẹ̀! Pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, Ìyá. Ṣé ẹ ní ewúrẹ́ nílé?”

“Mo ní.”

“Èyí tó bá ń ṣu nínú wọn, ṣé ẹ máa ń so ó mọ́lẹ̀ kó má baà mumi?”

“Kí ni màá so ó sí? Òun fúnra rẹ̀ á máa wá omi kiri.”

“Kí ló ń wá omi fún, Ìyá?”

Ọwọ́ Ìyá Alágbo kúrò lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀.

Ṣíbí àkọ́kọ́, Ràfíù bì í. Nọ́ọ̀sì ní kò sí wàhálà, ká ní sùúrù díẹ̀, ká tún fún un, díẹ̀díẹ̀ ni, ká má kánjú. Ó fi ṣíbí lé mi lọ́wọ́, ó lọ wo aláìsàn mìíràn. Mo ń fún un, mo ń dúró, mo ń fún un, mo ń dúró. Nígbà tó yá, omi ń dà kúrò lẹ́nu ṣíbí. Mo kàn gbọ́ ohùn Ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: “Gbé ṣíbí yẹn wá. O ń da á sí i lọ́rùn.”

Ó gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fún un. Ìyá Alágbo! Ó ń fún un lómi, ó ń pe oríkì rẹ̀ sí i létí. Kò gbé ṣíbí yẹn sílẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun alásárì. Ìgbà yẹn ló dédé pariwo: “Àbẹ̀ní, ó tọ̀! Ọmọ tọ̀ sí mi lára!” Ó na ìró rẹ̀ tó tutù sí mi kí n fọwọ́ kàn án. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà tún ké lẹ́ẹ̀kan sí i, omijé jáde lójú òun náà.

A sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí à ń padà sóko, a dé ìdí igi irúgbá kan, Ìyá ní òun fẹ́ sinmi. A jókòó. Ràfíù ń mu ọmú. Ìyá ń fi ọ̀pá fa ilẹ̀, kò gbé ojú sókè.

Ó ní, “Àbẹ̀ní. Nígbà tí Àmọ̀kẹ́ ń ṣàìsàn… ó ń nawọ́ sí àmù omi.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Mo rí i. Mo ní kí o gbé e wọ yàrá, kó má baà rí àmù mọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

Ó wá bi mí, ohùn rẹ̀ kéré bíi tọmọdé: “Ṣé èmi ni mo pa á?”

Ẹ̀yin ọmọ mi. Gbogbo ohun tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ tí Àmọ̀kẹ́ ti lọ, ó gòkè wá sí ọ̀fun mi. Ó tó àsìkò tí mo lè sọ ọ́. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Mo sì ti ń fẹ́ kí ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè yẹn. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Àpá egbò igi tó ń wà, àpá iná tó ń dá fún gbogbo wa… Ọwọ́ yẹn náà ló mú ṣíbí lánàá.

Mo ní, “Ìyá, ẹ ò mọ̀. Èmi náà ni mo gbé e wọ yàrá. Àwa méjèèjì ni a ò mọ̀.”

Ó sunkún. Èmi náà sunkún. Mi ò mọ bí a ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá kúnlẹ̀ kí i, gbogbo ara mi ló ń kúnlẹ̀.

Kò fi àgbo rẹ̀ sílẹ̀ o, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ó ń tọ́jú ẹsẹ̀ tó rọ́, ó ń fi òrí ra ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ọmọ tó ń ṣu wá, ohun tó máa kọ́kọ́ bi í ni, “Ẹ ti fún un lómi?” Tó bá ní rárá, Ìyá á bínú! Òun tí kì í sọ̀rọ̀ sókè. Tí ojú ọmọ bá ti jìn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, á ní, “Tèmi kọ́ leléyìí. Ẹ gbé e lọ bá Nọ́ọ̀sì ní Ìgànná.” Àwọn kan ní ó ti darúgbó, pé agbára ewé rẹ̀ ti lọ. Títí ó fi kú, kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà ò sọ ọ́, àfi lónìí.

Ẹ wo ayé yìí ná. Ọ̀kadà wà lẹ́nu ọ̀nà, omi ẹ̀rọ wà, oògùn tí wọ́n ń pò sómi fún ọmọ tó ń ṣu wà nínú páálí ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti wọn iyọ̀ àti ṣúgà rẹ̀ sí i, kó má baà pọ̀ jù. Síbẹ̀, kí lẹ ń ṣe? Ẹ ó ra kápúsù lọ́wọ́ oníkiri, ẹ ó tú u sẹ́nu ọmọ. Aládùúgbò á sọ̀rọ̀ kan, ẹ ó gbà á nítorí pé irun rẹ̀ ti funfun. Hùn…

Irun tèmi náà ti funfun. Bóyá nínú ohun tí mo ń sọ fún yín lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ wà níbẹ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀, tí èmi náà ò mọ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ sọ fún mi. Tí mo bá ní ẹ ò ní lọ, ẹ tọrọ àforíjì, kẹ́ ẹ gbé ọmọ yín, kẹ́ ẹ máa lọ. Mo lè mú ọ̀pá tẹ̀lé yín, mo lè má tẹ̀lé yín. Ẹ ṣáà máa lọ.

Ẹ bọ̀wọ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀wọ̀ àgbà sin ọmọ.