Oyin Tí Mo Kúnlẹ̀ Gbà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má pè mí ní ẹni rere. Àbúrò ọkọ mi wà lórí ẹní ní yàrá kejì, nǹkan oṣù rẹ̀ wá, ó kọ̀, kò dá. Gbogbo agbo ilé wa ní Àrẹ̀mọ ló ń ṣàdúrà fún un. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń ṣe é, inú mi sì ń dùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń dùn!

Ojú mi ti rí irú rẹ̀ rí. Odidi ọdún kan ni mo fi ń di aṣọ mẹ́ta mọ́ra nítorí ẹ̀jẹ̀ kí n tó lè rìn dé Bẹẹrẹ, tí ọmú ń ro mí bí eéwo. Nọ́ọ̀sì ní hómóònù obìnrin tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn ló pọ̀ jù lára mi. Ó ní kí n máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa, ẹ̀wà, ọkà bàbà àti ẹja, kí n jìnnà sí ṣúgà, ẹran ọlọ́ràá àti oúnjẹ dídín. Mo gbọ́ràn. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé pé mo ti di ewúrẹ́, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ò yéé dà.

Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mo ń pe àbúrò ọkọ mi yìí, torí ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo tó bí i lọ́mọ. Oyin tó ń mú ìdí tóbi ló ń tà ní Ọjà'ba. Ìṣojú rẹ̀ ni mo ṣe ròyìn ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Ó gbé ìgò kan fún mi, ó ní, "Ìyàwó mi, o ti rù jù. Ṣúgà ni wọ́n ní o má lá, wọn ò dárúkọ oyin." Ọmọ ọkọ ló fún mi, ta ni mo jẹ́ tí n ó kọ̀? Mo kúnlẹ̀ gbà á, mo sì ń lá a láràárọ̀.

Lọ́jọ́ kan mo ká a mọ́ ibi tó ti ń lọ oògùn oníhóró sínú oyin. Mo mú páálí rẹ̀ lọ fún nọ́ọ̀sì. Ó pariwo, "Hómóònù gan-an nìyí! Ta ló fún yín?" Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló kúkú wà! Nígbà tí mo bi Ìdílẹ̀kẹ̀ léèrè, ẹ̀rín ló rín. "Ṣé o kú ni? Àbí ìdí ẹ ò tóbi?"

Mo jáwọ́ nínú oyin, mo dúró ti ẹ̀fọ́ mi, nígbà tó yá nǹkan oṣù mi ń wá, ó ń lọ bíi ti ẹlẹgbẹ́ mi. Àmọ́ mi ò da oyin tó kù nù. Ìdílẹ̀kẹ̀ kì í lá ọjà ara rẹ̀, èmi ni mo sì ń po ẹ̀kọ mímu fún gbogbo ilé. Ṣíbí méjì oyin náà sínú ife tirẹ̀ nìkan, láràárọ̀. Á mu ún tán, á ní, "Ìyàwó mi, ọwọ́ ẹ dùn!"

Lánàá, dókítà bi ìyá ọkọ mi pé kí ni ọmọ yìí ń jẹ. Màmá ní, "Oúnjẹ ìyàwó wa nìkan ni, kò sì sí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ tó o." Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́. Ojú Ìdílẹ̀kẹ̀ ti funfun, kò lè dá dìde mọ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn á lé mi kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ mi. Bí mo bá dákẹ́, ó lè kú. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ẹ sì tètè gbà mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kí n dárí jì í, kó kọ́kọ́ sọ fún mi bóyá òun ti di aṣọ mẹ́ta rí.