Ọwọ́ Wo Lo Máa Fi Dì Í Mú?

Mo ń jẹ kósáì, àkàrà àwọn ará Òkè Ọya, lórí bẹ́ǹṣì kan ní Ibo Road nígbà tí ìyá àgbà kan di ọ̀kadà ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mú, kò jẹ́ kó gbé ọmọọmọ òun, ọmọ ọdún mẹ́ta, lọ sí Tarauni.

"Màámi, iwájú mi ló máa jókòó."

"Tí oorun bá gbé e ńkọ́? Ọwọ́ méjèèjì lo fi di ọ̀kadà mú. Ọwọ́ wo lo máa fi dì í mú? Gba ọ̀já yìí, kí o pọ̀n ọ́n."

"Èmi! Kí n pọn ọmọ lójú gbogbo Ibo Road?"

"Wallahi, ó sàn kí wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ju kí wọ́n wá bá mi kẹ́dùn lọ."

Ọkùnrin náà wòtún, ó wòsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ìyá rẹ̀ lè gbé ọmọ lé e lẹ́yìn.

Èmi tí n kò gun nǹkan kan, ìgbà náà ni mo rí i pé ọwọ́ mi méjèèjì ti di bẹ́ǹṣì mú, kósáì mi sì ti wà nílẹ̀.