Ògbufọ̀ Tó Gbé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run Mì

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ẹ̀rù ohun tí mo rí kò tíì kúrò lára mi. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ mi, mo gbàdúrà ọ̀sán tán nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, mo sì gbé orí lé bẹ́ǹṣì. Oorun gbé mi lọ.

Òyìnbó arúgbó kan dúró tì mí, aṣọ rẹ̀ funfun, àpá okùn wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo mọ̀ ọ́n. Òun ni míṣọ́nárì tó kọ́kọ́ mú ìhìnrere wọ ìlú wa, ẹni tí àwọn baba wa dè mọ́ igi nínú oòrùn. Nígbà tí ṣànpọ̀nná dé, òun náà ló ń tọ́jú ọmọ àwọn tó dè é, títí àrùn náà fi pa á.

"Dìde, ká lọ," ó wí.

"Bàbá, ẹ ti gbọ́ Yorùbá tó báyìí?"

"Ayé ni mo ti nílò ògbufọ̀. Níbí, ẹnikẹ́ni kò dúró láàárín èmi àti ọ̀rọ̀ mi mọ́."

Ó mú mi dé etí omi kan. Mo rí àwọn obìnrin tó jẹ́ ẹrú ní ayé, àwọn tí míṣọ́nárì náà kọ́ ní ìwé kíkà. Wọ́n jókòó, wọ́n ń kọrin, kò sẹ́ni tó ń rán wọn níṣẹ́. Mo fẹ́ jókòó tì wọ́n. Ó mi orí. "Kò tíì kàn ọ́."

Bí a ti yí ẹ̀yìn padà, ilẹ̀ gbóná. Mo rí àwọn aninilára, mo rí àwọn alágbèrè, igbe wọn gba gbogbo ibẹ̀, mo sì rí ọkùnrin kan tó ń sáré bọ̀ wá bá wa, ó la ẹnu kó sọ̀rọ̀, iná ló jáde, ó tún la á, iná, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, iná gba àárín ìka rẹ̀ yọ!

"Ta nìyí, Bàbá?"

"Ògbufọ̀ mi ni. Níwájú ọba, mo ní, 'Ẹ dá ẹrú yín sílẹ̀, Ọlọ́run kò dá ènìyàn fún títà.' Ó wo ojú ọba, ó ní, 'Òyìnbó ní kí ẹ máa fún ẹrú yín lóúnjẹ dáadáa.' Ọba rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí mo gbọ́ èdè yín ni mo tó mọ̀. Ọjọ́ tí mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ ni wọ́n dè mí."

"Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa!"

Ó tẹjú mọ́ mi. "Ìwọ náà, kí ni oníwàásù sọ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá?"

Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo nawọ́ sí i, ọwọ́ mi kò tó o, mò ń lọ, ooru ń bọ̀, mo figbe ta.

Ìyá Ṣadé tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló jí mi. "Tíṣà, kí ló dé? Ẹ̀ ń kígbe bí ẹni tí iná ń jó!"

Ẹ̀yin ará, èmi ni mo ń túmọ̀ fún àlejò oníwàásù. Ọkùnrin ọjọ́ Àìkú yẹn ní, "Ẹni tó bá gba ilẹ̀ opó, kó dá a padà kó tó wá síbi tábìlì Olúwa." Mo rí Bàbá Ìjọ ní ìjókòó iwájú, mo rántí oko opó, Ìyá Rúùtù, tó wà lọ́wọ́ wọn, mo sì ní, "Ẹ máa ṣàánú àwọn opó." Gbogbo yín ṣe àmín. Irọ́ mi lẹ ṣe àmín sí.

Ẹni tó bá ń bu òtítọ́ kù nítorí ojú ènìyàn, kó ronú pìwà dà lónìí. Ìyá Rúùtù, ẹ dárí jì mí.

Bàbá Ìjọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì dìde lọ. Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe jáde lẹ́nu ọkùnrin náà: ilẹ̀ opó ni. Ẹ dá a padà.