Ọmọ Tí Mo Pè Ní Ọ̀lẹ

Ẹ bá mi gbé Jésù ga, ẹ̀yin ará. Halelúyà! Ẹ ṣeun. Ẹ mọ̀ mí, èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Fọlákẹ́ ọmọ mi ni mo torí rẹ̀ dìde. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ó ń sùn ṣáá. Ohùn rẹ̀ há. Òtútù ń mú un lọ́sàn-án gangan, súẹ́tà ló ń wọ̀ lọ sóko wa ní Ajue. Àwọn obìnrin tó ń bá wa fọ́ kòkó á ní, "Ìyá àgbà, ẹ kú òtútù o." Òun náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Gbogbo wa gbà pé ìyá rẹ̀ ló ń rò.

Nígbà tó yá, ó ń gbẹ́yìn ní kíláàsì. Èmi ti hu irùngbọ̀n kí n tó jókòó sí kíláàsì kìíní, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìwé kì í ṣe eré lọ́dọ̀ mi. Mo pè é ní ọ̀lẹ lójú gbogbo ènìyàn. Lọ́jọ́ kan mo ní kó ṣọ́ kòkó tí a sá. Òjò dé bá a lójú oorun, gbogbo kòkó rin gbindin. Mo nà án. Kò sá, kò ké.

Ó ní, "Bàbá mi, mi ò ya ọ̀lẹ. Ó ń rẹ̀ mí ni."

Mo ní, "Ta ni kì í rẹ̀?"

Ìyá rẹ̀ ló rán aṣọ ilé ìwé rẹ̀. Ó ká etí aṣọ náà sínú dáadáa, bí a ti máa ń ṣe, kí a lè máa tú u sílẹ̀ bí ọmọ bá ń ga. Ọdún mẹ́ta, a kò tú u. Ẹ ó rántí ọjọ́ ìkórè. Mo dúró níbí yìí, mo ní ẹ bá mi dúpẹ́ pé aṣọ tí olóògbé rán ṣì ń bá ọmọ mu. Ẹ pàtẹ́wọ́. Àìsàn ni mo ń dúpẹ́ lé lórí, n kò mọ̀.

Tíṣà kan tí ìjọba gbé wá sí Odigbo láti Èkìtì ló ránṣẹ́ pè mí.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Aṣọ ọmọ ọdún mẹ́wàá kò yẹ kó gba ọmọ ọdún mẹ́tàlá."

"Ìyá rẹ̀ náà kúrú, mà."

"Ṣé ìyá rẹ̀ ní gẹ̀gẹ̀?"

Mo ní rárá. Ó ní kí Fọlákẹ́ gbé àgbọ̀n sókè. Ọrùn ọmọ mi wú. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé, n kò rí i.

Lórí ọ̀kadà tó gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ní Ore, Fọlákẹ́ sọ láti ẹ̀yìn mi pé, "Mo rò pé mo ń kú lọ bíi ti màmá mi ni. Mi ò sọ fún yín kí ẹ má baà tún sunkún."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, dókítà ní, "Ohun kékeré kan wà níbi ọ̀fun tó ń mú ọmọ dàgbà, tó ń fún un lágbára. Àwọn ohun tó yẹ kó máa bá àrùn jà nínú ara rẹ̀ ló kọjú ìjà sí i. Oògùn wà. Láràárọ̀ ni yóò máa lò ó kó tó jẹun, ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀."

Mo ní, "Dókítà, mo nà án."

Ó ní, "Ẹgba kọ́ ló fà á, bàbá. Ẹ má nà án mọ́ ṣá."

Ẹ bá mi dúpẹ́. Òtútù ló kọ́kọ́ lọ. Ohùn rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bàbá mi, ọbẹ̀ yín yìí, ṣé inú òkun lẹ ti pọn omi rẹ̀ ni?" Mo bọ́ sẹ́yìn ilé, mo sunkún. Ó ti ń ga báyìí. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó má ga tó bó ṣe yẹ kó ga. Mo gbà. Ìyá rẹ̀ kò sí láyé mọ́ láti rí i pé ó tún ń ga.

Àwọn kan ní kó jáwọ́ nínú oògùn, pé ìgbàgbọ́ ti tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́ fún un mọ́. Ọlọ́run tó rán tíṣà náà ló rán oògùn.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń sùn jù, tí kò ga, ẹ má pè é ní orúkọkórúkọ. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ọ̀nà ṣì wà.

Fọlákẹ́, dìde. Mo ti bẹ̀ ọ́ nílé, ṣùgbọ́n ojú ayé ni mo ti pè ọ́ ní ọ̀lẹ. Má bínú sí mi, ọmọ mi.

Olúwa, o ṣeun tó o dá a sí fún mi kí n lè bẹ̀ ẹ́.